Agbáwo Tí Kò Padà Wo Ìkòkò

Àǹtí mi Vasudha,

Ìsọ̀ tíì nísàlẹ̀ ọ́fíìsì wa ní Bengaluru ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Agbáwo ní ìdílì, àkàrà ìrẹsì wọn, wà, ìdílì sì ti tán tipẹ́. Ohun tó rí láàárọ̀ ló há sórí, kò padà wo ìkòkò. Mo pariwo sí Pallavi, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, pé, "Pallavi, kọ̀ǹpútà wa gan-an nìyẹn!" Bí a bá ní kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan sórí díìsìkì mọ́, tí a fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ohun àtijọ́ tó há sórí ló ń kà fún wa. Ó yẹ kó gbàgbé rẹ̀.

Kí n tó mu tíì tán, Pallavi ti lọ kọ àtúnṣe náà, bí ẹni pé òun ló ronú rẹ̀. Ọ̀gá tẹ́wọ́ gbà á, Pallavi sì ra Mysore pak, ohun dídùn kan, fún gbogbo ọ́fíìsì, bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá yege ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Mú méjì, ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà kúkú wà níbẹ̀!" Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò jowú o. Ṣúgà rẹ̀ ló kàn pọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n mo ka iṣẹ́ náà. Ó ní kí kọ̀ǹpútà gbàgbé ti àtijọ́ kí ti tuntun tó dé orí díìsìkì. Bí ẹnìkan bá yọjú wò ó láàárín méjì, ti àtijọ́ ló máa tún há sórí. Lọ́jọ́ Ajé ni yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà. Èmi nìkan ló mọ̀.

Ara mi le, mò ń jẹun dáadáa. Ẹ má fi èdè mi rẹ́rìn-ín, ilé ìwé òkè òkun ló bà á jẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Chaitra yín ló ń béèrè: ṣé kí n sọ fún un ni, àbí kí n máa wò ó níran?