Ojú Ìwé Ọ̀tọ̀ fún Ìyàwó Kọ̀ọ̀kan

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Láti Ẹgbẹ́dá níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ ti gbà láti máa fi ọ̀pá rìn, àbí ẹ ṣì ń sọ pé nǹkan arúgbó ni? Mo kí Ṣàdíà àbúrò mi tó ń tọ́jú yín. Mo kí gbogbo ìyàwó ilé wa ní Ìrókò, mo kí ọmọdé, mo kí àgbà. Èmi ni mò ń sọ ọ́, Sìdíkátù ọmọ mi, ọmọ-ọmọ yín, ló ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Mo ní kó má tún ẹnu mi ṣe. Ó ní ibi tí gbogbo ayé á ti lè kà á lòun máa gbé e sí. Mo ní kò burú, ohun tí mo fẹ́ sọ ti ṣe é sọ báyìí. Ká ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni, n kò ní la ẹnu mi.

Òjò ibí kò jọ ti ilé. Bó bá rọ̀ díẹ̀ báyìí, ẹrẹ̀ á bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn. Ilé tí à ń gbé, ìlẹ̀kùn mẹ́fà ló dojú kọra, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n sì ń tì. Kí n tó kírun àsùbá tán, àwọn ará ilé ti jáde lọ wọ mọ́tò, ó di ìrọ̀lẹ́ kí n tó tún gbúròó wọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo kí obìnrin kan bí a ṣe ń kíra wa nílé, mo ní ṣé ó jí ire, ṣé àwọn ọmọ jí, ṣé bàbá wọn jí. Ó bi mí pé ta ló rán mi wá. Látìgbà náà, mo kàn ń kí i ní ẹ káàárọ̀, mo sì ń bá tèmi lọ. Ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n sáré wá bá yín jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Sìdíkátù ò lè dá ká iṣẹ́ yìí.

Ṣàdíà ní àwọn kan ń sọ pé ọmọ ni mo wá ń gbé pọ̀n níbí. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Ẹrù ọmọ ni Sìdíkátù ń tà lórí fóònù: aṣọ, ìbọ̀sẹ̀, ìbora, ọṣẹ, ìlédìí. Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó máa ya àwòrán ọjà, á gbé e síta, ẹni tó bá wù á ránṣẹ́, ọlọ́kadà á gbé e lọ fún un, ì báà jẹ́ Lagelu, ì báà jẹ́ Ọ̀nà-Àrà. Èmi ni mò ń di ẹrù. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà máa ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù ránṣẹ́, mo sì mọ ohùn wọn. Mo mọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán. Mo mọ èyí tí ìyá ọkọ rẹ̀ dúró tì.

Ìwé ló ń pa Sìdíkátù. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ìwé tirẹ̀ nínú fóònù, wọ́n sì ti lé ní igba. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń kọ ohun tí oníkálukú rà àti gbèsè tó kù, tó sì ń fi ránṣẹ́ sí i. Ìyá Ìbejì nìkan, mọ́kànlá ni wọ́n. Ó fi ẹrù Ìyá Ìbejì kan ránṣẹ́ sí òmíràn, ó sì tún pààrọ̀ ti ẹ̀kẹta. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní orí ń fọ́ òun.

Ni mo bá dámọ̀ràn. Mo rántí ọkùnrin tó máa ń gbé karosíìnì àti iyọ̀ wá sí Ìrókò nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, ẹ̀yin náà á rántí ẹ̀. Kì í kọ orúkọ èèyàn sínú ìwé. Orúkọ agbo ilé ló ń kọ, ìyálé ló sì ń dá a lóhùn fún gbogbo ìyàwó. Mo ní kí Sìdíkátù kó àwọn tó bá wà nínú agbo ilé kan náà sí ojú ìwé kan, kí ó máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù ìyálé wọn. Inú ẹ̀ dùn. Ó ní òun ò mọ̀ pé akọ̀wé lòun ń bá gbélé. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kó wọn jọ, ìwé sì fúyẹ́. Èmi náà gbé àyà sókè.

Ilé Aláró wà lára wọn, ní abúlé kan lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà. Ìyàwó márùn-ún níbẹ̀ ló ń rajà lọ́wọ́ wa. A kó wọn sábẹ́ Ìyá Wàsíù, ìyálé wọn. Muínátù ló wọlé kẹ́yìn nínú àwọn ìyàwó náà. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti wọlé ọkọ, kò tíì gbọ́mọ jó. Ọṣẹ ìfọṣọ ló máa ń rà.

Lọ́sẹ̀ yẹn, Muínátù ránṣẹ́, ohùn rẹ̀ wà nílẹ̀ gan-an. Ó ní òun fẹ́ ìbora kan, fìlà méjì àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun. Ó ní ká dì í sínú ọ̀rá dúdú, kí ọlọ́kadà má gbé e délé, òun á dúró de ọlọ́kadà létí títì. Ẹ mọ̀ pé a kì í ra ẹrù ọmọ sílẹ̀ kí gbogbo ayé máa wò ó. Mo dì í ní ìdì mẹ́ta, mo ṣàdúà sí i.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Sìdíkátù ń ka ohun tó kọ fún Ilé Aláró sókè, mo sì ń gbọ́. Ọṣẹ, ìlédìí, aṣọ ọmọ ọdún kan. Ó wá kan Muínátù: ìbora, fìlà, ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun. Mo ní kó dúró. Ó ní òun ti fi ránṣẹ́. Mo ní kó pa á rẹ́. Ó pa á rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní fóònù ti fi hàn òun pé wọ́n ti kà á lọ́hùn-ún.  Èmi ni mo mú ọgbọ́n karosíìnì wá síbi ẹrù ọmọ. Ta ló ń fi karosíìnì pa mọ́ fún ìyálé?

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìyànà Ọ̀fà, mo gun ọ̀kadà wọ abúlé. Ìyá Wàsíù ń ṣẹ́ àgbàdo lẹ́yìnkùlé. Bó ṣe rí mi, ó ní ṣé torí ọṣẹ méjì ni ìyá ọlọ́jà ṣe wá bá òun lówùúrọ̀ yìí. Mo jókòó, mo kí i, mo béèrè àgbàdo, mo béèrè òjò. Ó ní kí n yé pòòyì bí adìyẹ tó ń wá ibi yé ẹyin sí, pé òun mọ ohun tó gbé mi wá. Ó ní òun kàwé mẹ́fà, òun kì í bẹ ẹnikẹ́ni kó bá òun ka iṣẹ́ tó bá wọlé. Ó ní ojú òun ló kà á, òun nìkan náà ló rí i.

Ó wá ní kò tiẹ̀ sí ohun tuntun tí ìwé wa sọ fún òun. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí òun ti ń wo bí Muínátù ṣe ń dìde nílẹ̀. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ìyàwó bá ní òun ò sọ, òun náà ò rí. Ó ṣẹ́ àgbàdo díẹ̀ sí i kó tó sọ ìyókù. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni oyún ti wálẹ̀ lára Muínátù, èkejì yẹn, òun lòun ti ń yọ̀ kiri ojúlé, tí òun ń sọ fún wọn, kó tó wálẹ̀. Ó ní kí n lọ bo ẹnu mi, kí Muínátù má tíì mọ̀ pé òun mọ̀, nítorí bí ó bá mọ̀, oorun kò ní kùn ún mọ́ títí á fi bí.

Mo délé, mo ní kí Sìdíkátù tú gbogbo ẹ̀ ká, kí ìyàwó kọ̀ọ̀kan padà ní ojú ìwé tirẹ̀. Ó bínú. Ó ní iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, pé ṣebí èmi náà ni mo ní kí òun kó wọn jọ. Mo ní èmi ni, mo ṣì í. Ó ní bí orí bá ń fọ́ òun, èmi ni òun á máa gbé e wá bá. Mo ní kó gbé e wá. Owó ọ̀kadà nìkan ni à ń kà pọ̀ fún agbo ilé báyìí. Orúkọ, kálukú ní tirẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, fóònù dún. Ìyá Wàsíù ni. Òun náà rọ ohùn sílẹ̀. Ó fẹ́ ọ̀já tó ki, tó gùn, èyí tí kò ní tètè gbó. Ó béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni pé a ti tú ìwé ká. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ká kọ ọ̀já náà sí ojú ìwé tòun nìkan, kí ẹnì kan nínú ilé àwọn má gbọ́. Mo di tirẹ̀ náà.

Ìyá mi, Muínátù ti bí. Ọmọbìnrin ni, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mú ìbora òun jáde lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, gbogbo ilé ní háà. Ó ní kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, Ìyá Wàsíù wọ yàrá, ó mú ọ̀já tuntun jáde, ó fi pọn ọmọ náà fúnra rẹ̀. Muínátù ní òun béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìgbà wo ló rà á, ó ní ìgbà tó wu òun ni. Ó wá bi mí pé ṣé ọwọ́ wa ló ti rà á, nígbà wo. Mo ní kó lọ bi ìyálé rẹ̀.

Mo ti fún awakọ̀ ní ọṣẹ yín àti òróró tí ẹ ó máa fi ra orúnkún, Ṣàdíà á gbà á ní Mọ́níyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀pá. Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí yín gùn, kí ilé má tú mọ́ yín lórí, kí àwa tí a wà lájò fi ẹsẹ̀ wa rìn wálé wá bá yín. Ẹ bá mi kí àwọn tí mo ti gbàgbé orúkọ wọn.

Èmi ni, Ràbíátù, ọmọ yín.