Eyín Ráhì àti Ife Tíì Kẹta

Bàbá mi, ẹ̀yin tí mo ṣì ń wá ojú yín lábẹ́ igi máńgòrò Kambolé,

Ẹ má bínú pé n kò kí yín dáadáa. Inú ń bí mi sí yín. Inú ń bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ẹ rántí tíì yín. Tí ẹ bá ti kírun alásárì tán, ẹ ó gbé ìkòkò kékeré yẹn ka orí ẹ̀yinná. Ife àkọ́kọ́ korò bí ewúro, ẹ̀yin lẹ ń mu ún. Èkejì, ti ẹni tó bá yà kí yín. Ìkẹta, tí ewé rẹ̀ ti rọ̀, tó jẹ́ ṣúgà ló kún inú rẹ̀, ti Ráhì ọmọ mi ni. Orí itan yín ló ti ń mu ún kí ó tó mọ ìrìn. Tí mo bá wá sílé, mò ń wò yín, inú mi ń dùn. Ta ni ì bá kọ̀?

Nígbà tí ẹ kú, mo mú un wá sọ́dọ̀ mi ní Komah, nínú Sokodé, níbi tí mo ti ń ránṣọ. Tó bá ti di ọ̀sán, á máa ké, á máa wá bàbá àgbà. Kí ni kí n ṣe? Mò ń se tíì, mò ń da ife méjì àkọ́kọ́ nù bí aláìgbọ́n, mò ń rọ ìkẹta sínú bíbérọ̀n, ìgò tí ọmọdé ń fà mu, mo tún ń fi ṣúgà kún un. Á fi í sẹ́nu sùn, èmi á sì máa wa ẹ̀rọ mi lọ. Lójú tèmi, ohun yín kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù ni mò ń tọ́jú fún un.

Eyín iwájú rẹ̀ kọ́kọ́ funfun bí ẹfun létí èrìgì. Ó pọ́n, ó dúdú, ó wá ń kán. Gbogbo ilé ní eyín àkọ́hù ṣáà ni, yóò yọ, òmíràn á hù. Èmi náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Òmùgọ̀ ni mí, Bàbá.

Ọjọ́ sàráà ọdún kan yín ní Kambolé ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Mo rí i láàárọ̀. Iṣu wà lórí iná, àwọn aáfà ti ń dé, ni mo bá fi ìborùn wé ojú ọmọ kí àlejò má baà máa bi mí léèrè. Mo bo ojú ọmọ mi nítorí àdúrà yín! Kí wọ́n tó ṣe àmín tó kẹ́yìn, ojú òsì rẹ̀ ti dí, ara rẹ̀ gbóná janjan. A gbé e lórí alùpùpù dé ilé ìwòsàn Tchamba. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ní ká sáré dé Sokodé kí ìwú náà má baà wọ orí. Ní gbogbo ọ̀nà, mò ń fọwọ́ kan àyà rẹ̀ wò bóyá ó ń mí.

Ó yè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n dókítà eyín yọ eyín mẹ́fà. Ó ní tíì oníṣúgà tó ń fi sẹ́nu sùn ló jẹ wọ́n, ọyún ti kó sí gbòǹgbò. Ká ní mo tètè wá nígbà tó ṣì funfun ni, wọn ì bá fi oògùn kùn ún, wọn ì bá dí ihò rẹ̀. Àṣé eyín àkọ́hù ló ń di àyè mú fún èyí tó ń bọ̀. N kò mọ̀. Ṣé ẹ̀yin mọ̀? Ṣé tèmi náà jẹrà báyìí ní kékeré, tí ẹ gbàgbé?

Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tí wọ́n ń yọ wọ́n. Kí ó lè dákẹ́, mo ní eyín tuntun á ti hù kí Iléyá tó dé. Irọ́ ni. Ó di bí ọdún mẹ́ta sí i.

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ló ń gun àpótí níwájú dígí àwọn oníbàárà mi. Á gbé ètè sókè, á wò ó, á wá yíjú wò mí. Èmi á tẹrí ba bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

Iléyá ti kọjá. Àwọn ọmọ ilé ń fa ẹran ya, mo gún tirẹ̀ kúnná kí ó tó lè gbé e mì. Lánàá, ó dé iwájú dígí, kò gun àpótí. Kò wo dígí, kò sì wo èmi náà.

Kí Ọlọ́run fi alujánnà kẹ́ yín.

Èmi ọmọbìnrin yín, tó ń bínú sí yín, tó sì fẹ́ràn yín dénú.