Oyin Bàbá Rẹ Ti Rí Dókítà

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ara tiwa náà le, àfi orúnkún mi tó ń dún bí ilẹ̀kùn. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ.

O mọ̀ pé látìgbà táwọn oníbàárà ti ń dá oyin padà pé ó ń rùn bíi kẹrosíìnì ni bàbá rẹ ti ní ọwọ́ mi ni, pé mo di fìtílà mú kí n tó fi ìdérí sí ìgò. Mo búra títí, bàbá rẹ ò gbà. Wọ́n gba ìgò lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ tí a ti jọ ń ṣe látìgbà tí o wà nínú oyún, wọ́n wá ń dá a ṣe. Oúnjẹ mi nìkan ni wọn ò kọ̀.

Nígbà tí o ní kí n fi ìgò kan ránṣẹ́ kí o gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ oúnjẹ wò, ẹ̀rù bà mí, mi ò mọ̀ pé oyin náà máa ń ṣàìsàn. O ní inú fìríìjì ni wọ́n á gbé e sí títí á fi kàn án, ìdí nìyẹn tí mo fi fi aṣọ òtútù rẹ ti ọmọdé wé e.

Lọ́jọ́ tí dókítà oyin pè, mo wẹ̀, mo pààrọ̀ aṣọ kí n tó gbé fóònù. Ohùn ọmọbìnrin kékeré ni. Mo bi í bóyá ibà ni, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rọ àwọn ló gbóòórùn rẹ̀, mo ní bí ọ̀fìnkìn bá wá mú ẹ̀rọ ńkọ́? Ó ní kò sóhun tó ṣe oyin, rọ́bà pẹlẹbẹ tó wà nínú ìdérí tuntun tí bàbá rẹ rà ló ń rùn wọ inú rẹ̀. Ó ní àwọn fi ìdérí náà dé ìgò òfìfo, àwọn gbé e síbi tó móoru, ìgò òfìfo náà sì rùn. Mo ní kó dúró ná, mo sáré gbé fóònù sí bàbá rẹ létí, mo ní kó tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀, kó má fo ìkankan.

Bàbá rẹ gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n jáde lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo rò pé oyin ti ta wọ́n. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n gbé gbogbo ìgò wá síwájú mi, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí n má bínú, pé ọwọ́ àwọn ò tiẹ̀ mọ ìdérí í yí, gbogbo èyí táwọn dé ló ń jò. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí wọ́n lè tún un sọ. Wọ́n tún un sọ.

Jọ̀wọ́, fi owó ìdérí mìíràn ránṣẹ́. Má fi í sínú fóònù o, omi ni mo já fóònù sí níjelòó, mi ò fẹ́ kí owó wa tutù.

Ohun tí o bá fọwọ́ kàn kò ní bàjẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ̀sùn èké kàn ọ́, ẹnu rẹ̀ náà ni yóò fi bẹ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.