Orin Tí Kò Ní Àmín

Bàbá mi, asúfèé tí kì í sú fèé lásán,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò kọ̀wé sí yín rí láti ìgbà tí a ti sin yín, torí mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ló fẹ́ bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ má bínú, mi ò tíì rí ẹni náà. Orin yín ló mú mi kọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Màámi wà dáadáa. Orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀, wọn ò sì gbà kúrò nílé wa tó wà lẹ́yìn Bọ́ládé ní Òṣòdì, bí Káyọ̀dé ọmọ yín ṣe ń bẹ̀ wọ́n tó pé kí wọ́n wá bá òun gbé ní Ìsọlọ̀. Káyọ̀dé ti sanra, ẹ ò ní dá a mọ̀ láti ẹ̀yìn. Èmi ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Àílégùn. Gíláàsì ojú ni mo fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ báyìí, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe nírọ̀lẹ́, kí ẹ tó lọ síṣẹ́ alẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí ẹ ti ń hun aṣọ yẹn? Ẹ ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó máa fi búrọ́ọ̀ṣì pa bàtà, ẹ ó sì máa súfèé. Orin kan ṣoṣo náà ni, lójoojúmọ́ ayé. Ẹ máa ń sú u díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú. Kò ní ọ̀rọ̀, ẹ ò sì fi ẹnu kọ ọ́ rí. Àwa ọmọ ti gbà pé orin ìjọ ni, ọ̀kan nínú àwọn orin àtijọ́ tí ẹ kọ́ ní Abẹ́òkúta nígbà tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa o. Àwa la sọ ọ́ fún ara wa, tí a sì gbà á gbọ́. Màámi á máa gbọ́ wa, wọn ò ní sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò ní sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Nígbà tí ìrántí ọdún kan yín ku oṣù méjì, èmi ni mo dá a lábàá pé kí àwọn akọrin kọ orin yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Mi ò sí nítòsí lọ́jọ́ tí ẹ lọ. Mo ti ṣèlérí pé màá wá lọ́jọ́ Sátidé, aṣọ oníbàárà kan dá mi dúró, mo ní kó di ọjọ́ Àìkú, ẹ̀yin ò sì dúró dè mí. Ó dùn mí títí di òní. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wá nǹkan tí mo lè fi bẹ̀ yín. Mo rò pé bí gbogbo ìjọ bá dìde kọ orin yín, ẹ máa gbọ́, ẹ ó sì foríjì mí.

Mo lọ bá ọ̀gá akọrin wa, mo fi imú kọ ọ́ fún un. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wá a.

“Àǹtí, mo ti yẹ ìwé orin mẹ́ta wò o, ti àtijọ́ àti tuntun,” ló sọ fún mi. “Kò sí níbẹ̀. Ó dùn, ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ pé kò dùn. Àmọ́ orin yìí ò fẹ́ parí! Tó bá ti fẹ́ balẹ̀ báyìí, ẹ ó rí i, ó tún ti padà síbẹ̀rẹ̀. Irú orin ìjọ wo ni kì í ní Àmín?”

Mo ní bóyá ẹ gbàgbé ìparí rẹ̀ ni.

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má wòrí, màá bá a wá Àmín kan.”

Ó wá a lóòótọ́. Ó kọ orin náà sílẹ̀ ní do-re-mi, ó fi ọ̀rọ̀ Sáàmù sí i lára, ó sì lẹ Àmín mọ́ ọn nídìí. Mo mú Màámi lọ síbi ìdánrawò wọn. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, Màámi di bẹ́ǹṣì tó wà níwájú wọn mú, wọ́n dorí kodò, omi ń bọ́ lójú wọn. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju ti ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́ lọ. Mo ní ọwọ́ mi ti tó o.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Káyọ̀dé fi àwòrán àpótí géèmù àtijọ́ kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, irú èyí tí ẹ rà fún wa ní Òṣòdì, aláwọ̀ eérú, oníwáyà méjì. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo la ní fún un, pupa rẹ́súrẹ́sú, tí àwọn àmì tí ẹnikẹ́ni ò lè kà wà lára rẹ̀, la bá sọ ọ́ ní Ọlọ́kọ̀ fúnra wa. Ọkùnrin kékeré kan nínú ọkọ̀ ojú omi, tó ń la odò kọjá láti kó àwọn èèyàn rẹ̀ wálé. Tí kò bá ṣiṣẹ́, a ó yọ kásẹ́ẹ̀tì, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí i nídìí, a ó tún kì í bọ àyè rẹ̀.

Òfin kan ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé ohùn tẹlifíṣàn ò gbọdọ̀ jáde rárá. Ẹ̀yin ń sùn lẹ́yìn kọ́tìnnì, iṣẹ́ òru lẹ ti dé, yàrá kan àti pálọ̀ kan ni gbogbo ilé. Màámi ló ṣòfin ọ̀hún, etí wọn sì dá ṣáṣá. Bí a ṣe ń gbá géèmù náà nìyẹn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, Káyọ̀dé á máa fi ẹnu ṣe ariwo ọkọ̀, wúúú, wúúú, lábẹ́ èémí. A ò kọjá odò kẹrin rí. Bí a kò bá kú síbẹ̀, wọ́n á mú iná lọ, àtìbẹ̀rẹ̀ náà ni. Lọ́dún tí Káyọ̀dé tún kíláàsì kan kà, Màámi gbé àpótí yẹn jáde, wọ́n fi í tọrẹ. Ọjọ́ mẹ́ta la fi sunkún.

Nítorí àwòrán yẹn, èmi àti Káyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ ìjà àgbàlagbà. Ó ní odò mẹ́fà ló wà níbẹ̀, mo ní méje ni, àwa tí a ò kọjá ìkẹrin rí. Mo bá ṣàlàyé géèmù náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn tó fẹ́ràn irú rẹ̀ máa ń pàdé. Ẹnìkan tí mi ò mọ̀ rí dá mi lóhùn. Ó ní méje ni, mo jàre. Ó sì fi gbogbo orin inú kásẹ́ẹ̀tì náà ránṣẹ́ sí mi, mọ́kànlá, tí ẹnìkan ti fara balẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn.

Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé orin wà fún odò kọ̀ọ̀kan? Mo ń lọ aṣọ lọ́wọ́, mo ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò mọ ọ̀kankan. Mo mọ gbogbo òkúta inú odò kejì bí ẹni mọ ilé ọkọ rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí màá gbọ́ ohùn rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ewú lórí. Ẹnu yà mí sí bí wọ́n ṣe ṣe é. Ohùn mẹ́ta péré ni: méjì ń kọrin, ọ̀kan ń gbè wọ́n nísàlẹ̀, ariwo kan sì wà tó ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ láti máa fi ka ìgbésẹ̀. Mo kà á pé àyè inú kásẹ́ẹ̀tì kéré púpọ̀ nígbà náà, ni wọ́n ṣe máa ń kọ orin ní ṣókí, kó lè máa yípo. Ta ló jókòó níbì kan lókè òkun tó ń ro irú nǹkan yìí? Ṣé ó tiẹ̀ rò pé ẹnikẹ́ni máa fetí sí i?

Ibi tí mo ti ń rò ó ni orin kọkànlá ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá, orin yín ni. Ó yá ju bí ẹ ṣe máa ń sú u lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n orin yín ni, láìku ẹyọ kan. Mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ, kọ́là oníbàárà jó. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé orin ìparí ni, pé ẹni tó bá la odò méjèèje já nìkan ló máa ń gbọ́ ọ.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè dé. Nígbà wo? Báwo? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ọ̀lẹ ló ń gbá géèmù? Mo wá rántí pé tí a bá ti ilé ìwé dé, ẹ̀yìn tẹlifíṣàn máa ń gbóná, a sì máa ń sọ pé oòrùn ojú fèrèsé ni. Kò sì tán síbẹ̀: gbogbo ìjọ ti ń múra láti kọ orin géèmù fún yín, pẹ̀lú Sáàmù lẹ́nu. Ṣé kí n sọ fún Màámi, tí wọ́n sunkún lórí ẹ̀? Ẹ̀bùn tí mo fẹ́ fi bẹ̀ yín ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò lè jẹun dáadáa. Mo ní bí mo bá dákẹ́, irọ́ ni mò ń pa lórí pẹpẹ, bí mo bá sì sọ ọ́, mo ti gba orin ọkọ wọn lọ́wọ́ wọn.

Lọ́jọ́bọ̀, mo kọrí sí Bọ́ládé. Màámi jókòó ní pálọ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu láti ilé, gbogbo rẹ̀ bá fò lọ. Mo kàn tan orin náà lórí fóònù, mo gbé e kalẹ̀ síwájú wọn.

Ọwọ́ wọn dúró nínú ẹ̀wà. Nígbà tó yá, mo rí i tí àtàǹpàkò wọn méjèèjì ń tẹ afẹ́fẹ́, tọ̀tún tòsì, tọ̀tún tòsì.

“Odò kẹrin lẹ̀yin máa ń kú sí,” ni wọ́n sọ. “Ẹ ò ní sùúrù. Ẹ máa ń yára kó sábẹ́ afárá yẹn.”

“Màámi! Ẹ̀yin?”

“Kí ló ń ṣe ọ́? Bàbá yín ò mọ̀ ọ́n gbá rárá. Odò àkọ́kọ́ pàápàá, inú omi ni wọ́n máa ń bá lọ.”

Wọ́n wá sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní tí ẹ bá ti iṣẹ́ dé láàárọ̀, oorun kì í kùn yín, torí ariwo ẹ̀rọ yẹn máa ń bá yín wálé, á máa hó nínú etí yín. Pé lọ́jọ́ kan tí àwa ti lọ sílé ìwé, wọ́n tan géèmù wa láti fi dẹ́rìn-ín pa yín, wọ́n sì gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀, ariwo inú etí yín sì rọlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Màámi kì í tètè ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn mọ́. Ẹ̀yin á dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ẹ ó gbé orí yín sún mọ́ tẹlifíṣàn, wọ́n á máa wa ọkọ̀ lọ títí ẹ ó fi sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n la odò keje já. Orin yẹn bẹ̀rẹ̀, kò dúró. Ẹ jọ jókòó tì í títí iná fi lọ.

“Mi ò débẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn,” ni Màámi sọ. “Mo gbìyànjú títí. Ìgbà tí Káyọ̀dé wá fìdí rẹmi, mo fi ọwọ́ ara mi gbé e jáde. Ọmọ ju géèmù lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni bàbá ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé ẹ̀. Èmi ni wọ́n ń sú u fún. Ẹ̀yin lẹ ní orin ìjọ ni.”

Mo béèrè ìdí tí wọn ò fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìdánrawò.

“Inú ẹ ń dùn. Ṣé kí n bà á jẹ́ ni? Àmín tí bọ̀ọ̀dá yẹn fi sí i ló dùn mí jù.” Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. “Sọ fún wọn kí wọ́n wá orin ìjọ fún ìjọ. Ìyẹn, ti èmi àti bàbá ẹ ni.”

Bàbá, ojú tì mí. Kí n má purọ́ fún yín, mo tún jowú. Gbogbo ọdún tí mo fi ń gbọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà yẹn, mo rò pé mo mọ̀ yín délẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ lóòótọ́. Mo ti múra orin kan kalẹ̀ láti fi bẹ̀ yín, kò sì jẹ́ tèmi láti fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo sọ fún un pé orin géèmù ni, ọ̀gá akọrin rẹ́rìn-ín débi pé ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Orin mìíràn ni wọ́n kọ lọ́jọ́ ìrántí yín, èyí tó wà nínú ìwé, tó sì parí dáadáa. Màámi ò sunkún. Nígbà tí a délé, mo ní kí n tún tan orin yẹn fún wọn lórí fóònù, wọ́n ní rárá, a kì í kàn gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, wíwa ọkọ̀ ni èèyàn fi ń débẹ̀.

Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo bi wọ́n pé láàárọ̀ ọjọ́ tí orin náà kọ́kọ́ dún, tó ku ẹ̀yin méjèèjì nínú pálọ̀, kí lẹ sọ fún wọn? Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n fi etí ìró bo ojú bí ìyàwó tuntun. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò sọ ọ́. Wọ́n ní, “Lọ bi bàbá ẹ.”

Ó dáa, mo ti dé. Bàbá mi, kí lẹ sọ fún wọn?

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó pẹ́ dé, tó sì ń fetí sílẹ̀.