Kàmílà ló gba ẹ̀rọ ṣẹ́ẹ̀sì

Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹjọ, 1986. Lẹ́yìn ìrun Màgàríbì.

Àbúrò mi Kàmílà ló gba ẹ̀rọ ṣẹ́ẹ̀sì náà, èyí tó máa ń bá èèyàn ta ayò ọba àti ayaba. Mi ò bá a yọ̀, mi ò sì ní purọ́ sínú ìwé ara mi.

Bùọ̀dá Ràṣídì ló gbé e bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní ẹni tó bá na ẹ̀rọ náà nínú àwa méjèèjì làwọn máa fi í sílẹ̀ fún. Ìpele mẹ́jọ ló ní, kí kálukú mú èyí tó wù ú.

Èmi lẹ̀gbọ́n, èmi ni mo kọ́kọ́ mú. Mo mú ìkẹjọ, bí ìgbà tí mo máa ń mú ẹran tó tóbi jù nínú àwo. Mo mọ̀ pé òun ló le jù, àmọ́ ṣé kí ẹ̀gbọ́n wá mú ti ọmọdé ni? Kàmílà mú ìkíní.

Kì í rẹ ẹ̀rọ yẹn, kì í sì í ṣàṣìṣe. Àárọ̀ ni mo ti jókòó tì í, kó tó di Aláásárì ó ti há ọba mi mọ́ igun. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan Kàmílà, ẹ̀rọ náà gbé ayaba rẹ̀ fún un bí ẹni ń ṣe sàráà, lẹ́yìn náà ẹṣin méjèèjì. Mo ń wò ó.

Bùọ̀dá ní, "Kàmílà yìí ní làákàyè o."

Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lé e lọ́wọ́.

Mo ní kí Kàmílà jẹ́ kí n fi ìpele kìíní ta á lẹ́ẹ̀kan péré. "Àǹtí mi, ẹ ní sùúrù, mo ti wà ní ìkejì."

Bó ṣe máa gun àwọn ìpele náà lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn, títí á fi dé ìkẹjọ.