Mo Kí I Títí Ó Fi Sá Lọ

Ìyá Abdulafeez, ọ̀rẹ́ mi,

Àlàáfíà ni mo wà ní Kánádà o, mo sì lérò pé ara yín le ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Sọ fún tíṣà kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà wa.

Mo ti mọ káàdì kan ta lórí fóònù. Kì í ṣe wọ́ọ̀tì. Àwọn ẹ̀dá abàmì ló wà lára rẹ̀, a máa ń kó wọn jọ, a sì ń fi wọ́n jà. Aqeelah ọmọ ọmọ mi ló kọ́ mi kó tó lọ sí yunifásítì. Fóònù ni mo kọ́kọ́ ń bá ta, kí n tó máa bá ènìyàn ta. Abéèrè kì í ṣìnà.

Bọ́tìnì ìkíni kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Lánàá, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà fún ẹnì kan tí a jọ ń ta: ti ara rẹ̀, ti aya, ti ọmọ, ti iṣẹ́, ti ilé, ti òtútù. Ó bínú jáde nínú eré, fóònù sì ní èmi ni mo borí! Aqeelah rẹ́rìn-ín nígbà tó pè mí: "Màmá àgbà, ó rò pé ẹ ń fi òun ṣẹ̀sín ni!"

Mùbàṣírù àti ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú mi dáadáa. Wọ́n máa ń kọ ìkíni sílẹ̀ sára fíríìjì kí wọ́n tó jáde, mo sì ń kà á fúnra mi.

Jọ̀ọ́, ní kí Abdulafeez gbé eré náà sórí fóònù rẹ. Bí o bá kírun Àsárì tán, àárọ̀ ni lọ́dọ̀ mi, ilé á ti dá. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Bí o kò bá tiẹ̀ mọ̀ ọ́n ta, ṣáà máa kí mi. Mi ò ní bínú jáde.

Bá mi kí àwọn ará Ìlápòrú, kí o sì kí àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ìyá Mùbàṣírù