Àwòrán Bàìbàì Inú Gẹ́ẹ̀mù Máyọ̀wá

Ilé Bàbá Sàrátù,
Ìdí Àràbà,
Ìlobù,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kejì, Ọdún 2026.

Tèmilọlá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ìníolúwa ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Mo gbọ́ pé ooru Abẹ́òkúta ọdún yìí kò ṣeé fẹnu sọ, ẹ kú ìfaradà. Àlàáfíà la wà níhìn-ín. Ìyá mi ní o kò pe àwọn mọ́ láti ìgbà tí o ti lọ́kọ. Mo gbèjà rẹ, ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ.

Abẹ́ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìwọ ni mo fẹ́ ro ọ̀rọ̀ yìí fún. Ṣé o rántí Máyọ̀wá ará Ìfọ́n, tó máa ń jókòó lẹ́yìn wa ní iléèwé girama? Ó gbé gẹ́ẹ̀mù àtijọ́ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, irú èyí tó jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n oníkùn nìkan ló mọ̀. Mo fi lẹ́ẹ̀dì jó bọ́ọ̀dù kékeré kan mọ́ ọn nínú, kí ó lè bá tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ṣiṣẹ́. Lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré tèmi, a kò fura sí nǹkan kan. Nígbà tó délé tó so ó mọ́ ńlá tiwọn, bàìbàì ni gbogbo rẹ̀, bí ẹni ń wo nǹkan nísàlẹ̀ omi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bùrọ̀dá Peter, ló bínú jù. Wọ́n bi í pé, "Ṣé kò sẹ́lòmíì tó ń tún gẹ́ẹ̀mù ṣe ni, tó o fi gbé e fún ọmọ Ìlobù? Ó ti mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ nìyẹn." Máyọ̀wá ló ròyìn rẹ̀ fún mi nígbà tó gbé gẹ́ẹ̀mù náà padà wá. O mọ bí nǹkan ṣe rí láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti da àárín ìlú méjèèjì rú. Láti ìgbà náà, Máyọ̀wá ni oníbàárà àkọ́kọ́ tó ti Ìfọ́n wá bá mi. Bí mo bá dá gẹ́ẹ̀mù náà padà ní bàìbàì, òun náà ni yóò ṣe ìkẹyìn. Ọ̀rọ̀ Bùrọ̀dá Peter dùn mí dé egungun. Mo ní n kò ní gbà.

Mo yá tẹlifíṣọ̀n ńlá lọ́wọ́ Shakirah, onídìrí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo pààrọ̀ wáyà, bàìbàì. Mo pààrọ̀ ohun tó ń fún un níná, bàìbàì náà ni. Mo tú gbogbo ojú lẹ́ẹ̀dì, mo tún wọn jó, kò yí padà. Shakirah ní kí n kúkú lọ bẹ Máyọ̀wá. Mo ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó ní kí n máa jẹ oyin mi lọ, ṣùgbọ́n kí n tètè dá tẹlifíṣọ̀n òun padà.

Ṣé o mọ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń bo bọ́ọ̀dù, tí Ọ̀gá Àṣírù kọ́ wa pé ká máa yọ dànù kí ẹ̀rọ lè rí afẹ́fẹ́ nínú ooru? Mo ti yọ ti Máyọ̀wá, àwọn tó ń ra àlòkù irin sì ti kó o lọ. Bí mo ṣe ń wá àléébù kiri, pílọ́ọ̀sì mi já bọ́ sí etí bọ́ọ̀dù, ó kan ibi méjì tí irin náà máa ń dì mú. Àwòrán mọ́ díẹ̀. Mo mú pílọ́ọ̀sì kúrò, ó tún di bàìbàì. Inú bí mi, inú mi sì tún dùn. Irin tí a ti ń jù nù láti ọjọ́ yìí wá ni kì í jẹ́ kí iná inú ẹ̀rọ náà da àwòrán láàmú.

Mo pe ọ̀gá, mo ròyìn ohun tí mo rí fún wọn. Wọ́n ní, "Mùíbátù, ṣé ìwọ lo kọ́ mi níṣẹ́ ni, àbí èmi ni mo kọ́ ẹ?" Mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ má bínú." Mo tilẹ̀ kúnlẹ̀ nídìí fóònù bí ẹni pé wọ́n ń rí mi. Bí mo ṣe dìde ni mo gé agolo mílíìkì, mo tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ. Ọ̀rọ̀ ooru tí ọ̀gá sọ kì í kúkú ṣe irọ́, nítorí náà mo fi ìṣó lu ihò sí i lára bíi páànù tí ìyá mi fi ń rin ilá, mo wá jó o mọ́ bọ́ọ̀dù yíká. Tèmilọlá, àwòrán náà mọ́ kedere.

Máyọ̀wá ní òun ń bọ̀ wá gbé e. Mo ní rárá, èmi ni n ó gbé e wá, kí Bùrọ̀dá Peter fojú ara wọn rí i. Ìyá mi ní kí n má lọ. Mo gun ọ̀kadà dé Ìfọ́n. Mo kúnlẹ̀ kí Bùrọ̀dá Peter, wọ́n dáhùn láìgbójú sókè. Mo so gẹ́ẹ̀mù náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n wọn. Wọ́n dìde, wọ́n sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń ka nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù inú gẹ́ẹ̀mù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò yìn mí, wọn kò sì bẹ̀ mí. Wọ́n kàn wọ yàrá lọ, wọ́n gbé rédíò bàbá wọn jáde, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Láti ọdún tí bàbá wa ti kú ni kò ti sọ̀rọ̀ mọ́. Máa gbé e lọ sí Ìlobù."

Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi gbé Ìníolúwa jó, kí o sì pe ìyá mi. Rédíò náà wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. N kò tíì tú u. Ó ń bà mí lẹ́rù ju gẹ́ẹ̀mù lọ, ṣùgbọ́n yóò sọ̀rọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ olórí kunkun,
Mùíbátù.